Ìwé Vera Stanhope: èwo ni kí n kọ́kọ́ rà fún màmá mi?

Àdùkẹ́_Leeds
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ ìmọ̀ràn àwọn tó ń kàwé níbí. Màmá mi wá bá mi tọ́jú ọmọ ní Leeds, ibi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ mọ́ra ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo Vera lórí tẹlifíṣọ̀n, obìnrin ọlọ́pàá tó máa ń dé fìlà tó ń wọ kóòtù òjò yẹn, ẹ sì mọ àwọn ìyá wa tí nǹkan bá ti wọ̀ wọ́n lára, tí Vera bá ti bẹ̀rẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́, kódà ọkọ mi. Wọ́n ti padà sí Abẹ́òkúta báyìí, ẹnì kan wá sọ fún wọn pé inú ìwé ni wọ́n ti mú un, ni wọ́n bá ní kí n fi ránṣẹ́. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọ́n ń ka òyìnbó dáadáa, ojú ni kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ṣé dandan ni kéèyàn kà wọ́n tẹ̀ léra ni, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà, ṣé bó ṣe rí nínú fíìmù náà ló rí nínú ìwé, torí n kò fẹ́ kí wọ́n máa ka ohun tí wọ́n ti mọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n tún máa ń pè mí lóru láti bi mí pé kí ni DI, kí ni DS, èmi náà ò kúkú mọ̀. Ẹ má bínú ó gùn.

BàbáOníwèé
Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ann Cleeves ló kọ wọ́n. Bí wọ́n ṣe jáde rèé: The Crow Trap 1999, Telling Tales 2005, Hidden Depths 2007, Silent Voices 2011, The Glass Room 2012, Harbour Street 2014, The Moth Catcher 2015, The Seagull 2017, The Darkest Evening 2020, The Rising Tide 2022, The Dark Wives 2024. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ti 1999, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Sẹ̀mí_K
Àríyànjiyàn wà níbẹ̀ gan-an o Bàbá, ẹ má bínú. The Crow Trap nípọn, Vera kò sì tètè yọjú rárá. Obìnrin mẹ́ta kan ni ìwé yẹn gbé síwájú, Rachael, Anne àti Grace, wọ́n kó wọn sínú ilé kékeré kan lórí òkè North Pennines pé kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ewéko àti ẹranko ibẹ̀ torí wọ́n fẹ́ máa fọ́ òkúta níbẹ̀, ìtàn tọ̀tún á wá, ìtàn tòsì á wá, ẹ ó ti ka ìwé lọ jìnnà kí obìnrin tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ náwó tó wọlé. Mummy á pè yín pé ìwé ta lẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn.

BàbáOníwèé
Sẹ̀mí, bó ṣe wá wọlé yẹn ńkọ́? Wọ́n ń sìnkú lọ́wọ́, gbogbo èèyàn jókòó jẹ́jẹ́, obìnrin gbàǹgbà kan já wọlé pẹ̀lú báàgì ọ̀rá lọ́wọ́, ó ti pẹ́ dé, aṣọ ọrùn ẹ̀ ò jọ nǹkan kan, wọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn tí kò rílé gbé ni. Ọlọ́pàá tó máa tú gbogbo àṣírí wọn ló ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan yẹn. Ẹni tí kò bá ka ojú ewé tó ṣáájú ẹ̀ kò lè gbádùn ẹ̀ bó ṣe yẹ.

Sẹ̀mí_K
Mo gbà pé ibẹ̀ dùn. Àmọ́ ẹ wo bí ìwé náà ṣe pẹ́ tó kó tó gbéra, 1999 sí 2005 kí èkejì tó jáde. Obìnrin kan tó ń ṣe fíìmù ló rí The Crow Trap ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan àlòkù láti fi ṣàánú, ó kó o dání pé òun á máa kà á nígbà ìsinmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ti tẹlifíṣọ̀n, Hidden Depths ni kẹ́ ẹ fún un. Vera ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìtàn náà ń sáré, òkú tí wọ́n rí nínú omi tí wọ́n da òdòdó sí lára, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn ń mú. Ẹ̀yin náà ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Tyneside
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí àdúgbò mi ni wọ́n ti ya nǹkan yẹn, ìtòsí Newcastle ni mò ń gbé. Ní ti ìbéèrè yín nípa fíìmù: iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2011, wọ́n parí ẹ̀ ní January 2025, sísìn (season) 14, Brenda Blethyn ló ṣe Vera látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí ẹ bá fi ojú ṣírò ẹ̀ ẹ ó rí i pé ìwé kò lè tó wọn, torí náà èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí màmá wò, àwọn tó ń kọ̀wé fún tẹlifíṣọ̀n ló hun ún fúnra wọn, kò sí nínú ìwé kankan. Lára àwọn tó wá láti inú ìwé ni Hidden Depths, Telling Tales àti The Crow Trap, sísìn àkọ́kọ́ ni wọ́n ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. The Moth Catcher náà wà níbẹ̀, Silent Voices náà, The Dark Wives ni wọ́n sì fi kádìí gbogbo ẹ̀. Kẹ́ ẹ bi wọ́n èwo nínú ìyẹn ni wọ́n ti wò, kẹ́ ẹ wá yọ ọ́.

Ohun tó máa kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu ni pé Vera inú ìwé sanra, ara ẹ̀ máa ń yún un torí ó ní àrùn awọ ara, ó máa ń wọ sàǹdáàsì níbi tí ẹlòmíì ti ń wọ bàtà, kò sì bìkítà. Kì í ṣe obìnrin kúkurú tó rẹwà yẹn. Èkejì, Aiden, sájẹ́ǹtì tó ń bá Vera ṣiṣẹ́ nínú fíìmù, kò sí nínú ìwé o! Tẹlifíṣọ̀n ló dá a sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń ṣe Joe lọ. Nínú ìwé, Joe Ashworth ni látòkèdélẹ̀, òun àti ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ.

Àdùkẹ́_Leeds
Ah! Wọ́n fẹ́ràn Aiden gan-an o. Wàhálà dé.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Tyneside
Ẹ tètè sọ fún wọn kí wọ́n má bàa máa wá a kiri nínú ìwé.

Nọ́ọ̀sì_Bísí
Èmi wá fẹ́ sọ nǹkan kan tẹ́nì kan ò tíì sọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ka Vera bíi pé ta ló pààyàn nìkan lẹ fẹ́ mọ̀. Bàbá ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lára ẹ̀. Hector. Bàbá yẹn ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ àmọ́ kò kúrò nínú ilé, inú ilé ẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ni Vera ṣì ń gbé, òun nìkan, àwọn tó múlé tì í ni Jack àti Joanna tí wọ́n ń ṣe oko kékeré tí wọ́n ń pọn ọtí fúnra wọn. Ohun tí Hector ń ṣe ni pé ó ń jí ẹyin ẹyẹ. Láti kékeré ló ti ń mú ọmọ yẹn dání lọ sórí òkè lóru, ọmọ ló ń bá a ṣọ́nà. Ọmọ yẹn ló wá di ọlọ́pàá. Mo máa ń rò ó pé kí ni kò jẹ́ kó sọ ọ́ jáde, ó mọ gbogbo èèyàn bàbá ẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde. The Seagull ni gbogbo ẹ̀ ti tú síta, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi The Seagull bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí màmá ti gbọ́ orúkọ Hector nínú ìwé mélòó kan, kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ẹ̀ díẹ̀.

Kọ́lá_Òṣogbo
Ẹ dákun, ẹyin ẹyẹ? Wọ́n ń tìtorí ẹyin ẹyẹ mú èèyàn?

Nọ́ọ̀sì_Bísí
Wọ́n ń mú èèyàn o bùrọ̀dá mi. Láti 1954 ni òfin ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ẹyin ẹyẹ ìgbẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1981 tún wá mú un le sí i, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lè wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tí ìfẹ́ ẹ̀ ń pa bíi wèrè, wọ́n á kó o sínú dùrọ́ọ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí i, wọ́n á fẹ́ inú ẹ̀ jáde, wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í tà á nígbà míì, wọ́n kàn fẹ́ ní i. Bó bá wá jẹ́ ti àwọn ẹyẹ apẹran bíi àṣá, owó ńlá wà nídìí ọmọ wọn torí àwọn tó fi ń ṣọdẹ. Hector wà nínú méjèèjì. Obìnrin tó kọ ìwé náà mọ nǹkan tó ń sọ, ó ti ṣe alásè rí ní ibùdó àwọn tó ń wo ẹyẹ ní erékùṣù Fair Isle, ibẹ̀ ló ti pàdé ọkọ ẹ̀ tó jẹ́ onímọ̀ ẹyẹ. Ó tún ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bójú tó àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi tí wọ́n ń gbé láàárín ìlú, ẹ ó rí i nínú bó ṣe ń kọ nípa ọ̀daràn, kì í sọ wọ́n di ẹranko.

Kọ́lá_Òṣogbo
Ọlọ́run mi. Èmi tí mo fi rọ́bà ta ẹyẹ láti kékeré dàgbà. Wọn ò bá ti gbé mi.

Ògbufọ̀
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ti DI àti DS. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní England, wọ́n máa ń pè mí sí téṣàn tí wọ́n bá mú ẹni tí Yorùbá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju òyìnbó lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá màmá là á.

Ipò wọn ò pọ̀ bíi tiwa, kò sí kọ́pùrà, kò sí ASP tàbí DSP. Kọ́ńsítébù ló wà nísàlẹ̀, sájẹ́ǹtì tẹ̀ lé e, ó kan ìnspẹ́kítọ̀, ó kan chief inspector, ó kan superintendent, ó kan chief superintendent, lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan àwọn ọ̀gá àgbà tí Chief Constable jẹ́ olórí wọn. Tí ẹ bá rí D níwájú oyè, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. DC ni Charlie àti Holly. DS ni Joe. DI ni Vera nínú ìwé. D yẹn kò sọ wọ́n di ọ̀gá ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù o, sájẹ́ǹtì ni sájẹ́ǹtì ń jẹ́. Kò sì sí IGP kan tó jókòó sí olú ìlú tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn, 43 ni iléeṣẹ́ ọlọ́pàá agbègbè tó wà ní England àti Wales, ti Northumbria dá dúró, ti Humberside tó ń bójú tó East Yorkshire dá dúró. Ohun tó mú Telling Tales dùn fún mi nìyẹn, torí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n rán Vera lọ, East Yorkshire, obìnrin kan ni wọ́n ti dá lẹ́bi pé ó pa ọmọbìnrin kan, ó ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n, ó pa ara ẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rí wá jáde pé kò jẹ̀bi. Àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u wò. Ẹ̀yin náà ẹ ro bó ṣe máa rí.

Ohun kejì tí màmá máa bá pàdé nínú gbogbo ìwé ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kà fún ẹni tí wọ́n bá mú. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ ní Yorùbá rèé: kò pọn dandan kí ẹ sọ ohunkóhun, àmọ́ tí a bá bi yín ní nǹkan tí ẹ kò sọ ọ́, tí ẹ wá lọ gbára lé e ní kóòtù, ó lè ṣàkóbá fún ẹjọ́ yín, ohunkóhun tí ẹ bá sì sọ lè di ẹ̀rí. Ẹ ò rí ojú àwọn èèyàn wa tí mo bá sọ ọ́ tán! Wọ́n á ní, ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sọ̀rọ̀ ni àbí kí n dákẹ́. Èmi ò sì gbọdọ̀ dá wọn lóhùn, iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, lọ́yà tó sì wà ní téṣàn yẹn ọ̀fẹ́ ni, olówó àti tálákà. Òfin 1984 ló to gbogbo ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, apá tó ní dídákẹ́ lè ṣàkóbá yẹn, 1994 ló wọlé.

Kí màmá tún máa wo aago. Wákàtí 24 ni wọ́n lè fi dá èèyàn dúró láìfẹ̀sùn kàn án. Superintendent lè fi kún un dé 36 tó bá jẹ́ ọ̀ràn ńlá. Tí wọ́n bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ bá adájọ́ májísíréètì, òun náà kò lè gbé e kọjá 96. Nítorí náà tí ẹ bá rí Vera tó ń rìn síwá sẹ́yìn tí inú ń bí i, àkókò ló ń lọ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò lè ní kí wọ́n lọ kó ìyá àti àbúrò afurasí wá títí tó fi máa jẹ́wọ́. Àti pé kì í ṣe ọlọ́pàá ló máa ń pinnu ẹ̀sùn ìpànìyàn, àwọn lọ́yà ìjọba tí wọ́n ń pè ní CPS ni, ìdí nìyẹn tí Vera fi lè mọ ẹni tó ṣe é tí kò tíì lè ṣe nǹkan kan.

Alákadá
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé lóòótọ́ ni DI máa ń lọ kanlẹ̀kùn ilé onílé fúnra ẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń mu tíì nínú kíṣìnì wọn?

Ògbufọ̀
Ibi tí ìwé ti ń ṣe tiẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń darí ìwádìí ìpànìyàn sábà máa ń ga ju DI lọ, DCI tàbí superintendent, ọ́fíìsì ló sì ń wà, ó ń pín iṣẹ́, ó ń kọ ìdí tó fi ṣe ìpinnu kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àmọ́ òǹkọ̀wé kò fi pa mọ́ o, gbogbo ìgbà ni àwọn ọ̀gá ń bá Vera wí pé ó yẹ kó jókòó kó jẹ́ kí àwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀ lọ. Kò gbọ́. Ó gbà pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti arúgbó.

Nọ́ọ̀sì_Bísí
Ó sì mọ̀ ọ́n! Èmi rò pé ohun tí àwọn ìyá wa rí nínú Vera nìyẹn. Obìnrin àgbà, kò lọ́kọ, kò bímọ, kò ṣe fáàrí, tó bá wọlé àwọn èèyàn á wò ó gààràgà bíi pé ó ṣìnà, wọ́n á sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀, ó sì ń gbọ́. Mo ti tọ́jú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ gbogbo ẹbí tó yí wọn ká. Kò sí ìbọn, kò sí eré mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ibí kì í kúkú gbé ìbọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan.

Alákadá
Èyí rán mi létí Lápàdé inú ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ní tiẹ̀, kò sí superintendent tó ń bá a wí, tó bá fẹ́ lu èèyàn ní ìgbájú á lù ú. Ẹ wá fi Vera sí Ìbàdàn kẹ́ ẹ wò ó. Àdùkẹ́, tí màmá ò bá tíì ka Òkédìjí kẹ́ ẹ fi ìyẹn kún un, wọ́n lè rí i rà ní Abẹ́òkúta níbẹ̀.

Àdùkẹ́_Leeds
Wọ́n ti kà á, wọ́n tiẹ̀ fi kọ́ wa nílé. Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ti lẹ́tà ńlá ńkọ́? Ojú wọn.

Sẹ̀mí_K
Ìwé Vera wà ní lẹ́tà ńlá, ẹ wá a pẹ̀lú orúkọ yẹn, àmọ́ ó máa ń wọ́n, ó sì wúwo, ẹ rántí kílò. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní tábílẹ́ẹ̀tì, ẹ ra ti orí ẹ̀rọ, kí wọ́n fẹ lẹ́tà bí wọ́n ṣe fẹ́. Láíbírì ti England náà ń yáni ní ìwé lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń kà sétí, káàdì láíbírì yín ni wọ́n á bèèrè, àmọ́ ẹ wo òfin láíbírì yín kẹ́ ẹ tó fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà. Èmi o, ti kíkà sétí ni mo máa fún wọn. Ohùn àwọn ará Northumberland ló ń gbé Vera, tí wọ́n bá gbọ́ bó ṣe ń pe gbogbo èèyàn ní pet àti lovey, bíi ẹni ń pe èèyàn ní àyànfẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Tósìn_ará_Kent
Èmi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohùn yẹn láyé mi. Mo máa ń tan àkọlé sísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ni. Ìwé rọrùn jù.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Tyneside
Hahaha, Tósìn ẹ wá sí Newcastle ẹ wá gbé ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti The Rising Tide torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọ̀rẹ́ ilé ìwé kan tó ti dàgbà máa ń pàdé ní Holy Island ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn kú. Erékùṣù yẹn wà lóòótọ́ o, Lindisfarne ni orúkọ ẹ̀ kejì, ibẹ̀ ni Aidan mímọ́ dá ilé àwọn mọ́ǹkì sílẹ̀ ní 635, ibẹ̀ làwọn Viking wá kó lẹ́rù ní 793. Ọ̀nà mọ́tò ló wọ ibẹ̀, àmọ́ òkun máa ń bo ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó bá ti bò ó ẹ ò lè wọlé ẹ ò lè jáde. Wọ́n gbé àkókò tó ṣeé kọjá sí ẹ̀bá ọ̀nà àti sórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ lọ́dọọdún àwọn awakọ̀ á sọ pé àwọn á sáré kọjá, omi á ká wọn mọ́, wọ́n á sá gun ilé onígi kékeré kan tí wọ́n gbé sórí òpó láàárín ọ̀nà, wọ́n á máa wo mọ́tò wọn bó ṣe ń rì. Ẹ ò rí i pé ó dára fún ìtàn ìpànìyàn, ẹ ti mọ ẹni tó wà lórí erékùṣù lóru yẹn. Tí màmá bá tún wá, ẹ gbé wọn wá, èmi á mú yín dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo àkókò omi ṣáájú.

Fúnmiláyọ̀_D
Rising Tide! Ìparí yẹn pa mí. N ò mọ̀ pé wọ́n máa pa

BàbáOníwèé
Fúnmiláyọ̀ ẹ dúró níbẹ̀!!! Ẹ má sọ ọ́.

Fúnmiláyọ̀_D
Mo dúró, mo dúró. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ kí màmá má ka The Dark Wives ṣáájú The Rising Tide, torí látibẹ̀rẹ̀ The Dark Wives ni gbogbo wọn ti ń sunkún nǹkan yẹn, kọ́ńsítébù tuntun Rosie Bell ti dé, ẹ ó ti mọ gbogbo ẹ̀. Àwọn méjì yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra. Ìyókù, bó ṣe wù yín.

BàbáOníwèé
Ẹ̀yin náà ẹ ti sọ púpọ̀ báyìí.

Tósìn_ará_Kent
Tí wọ́n bá ti ka Vera tán ńkọ́? Ṣé ẹlòmíì wà tó jọ ọ́?

Nọ́ọ̀sì_Bísí
Jane Tennison wà, DCI ni ní tiẹ̀, London, Lynda La Plante ló kọ ọ́, Prime Suspect, tẹlifíṣọ̀n ṣe é ní 1991 tí Helen Mirren wà níbẹ̀. Ó le. Àwọn ọkùnrin inú ọ́fíìsì ń bá a jà ju apààyàn lọ. N ò rò pé màmá máa fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe òkú níbẹ̀. Happy Valley orí tẹlifíṣọ̀n náà dára àmọ́ kò sí ìwé ẹ̀, sájẹ́ǹtì tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ni Catherine, obìnrin ọlọ́pàá inú ẹ̀, kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ann Cleeves kan náà tún kọ ti Shetland, ọkùnrin ni ọlọ́pàá ibẹ̀, Jimmy Perez, Scotland sì ni, òfin wọn yàtọ̀.

Àdùkẹ́_Leeds
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti wo Hidden Depths àti The Moth Catcher, wọ́n sọ ẹni tó ṣe é fún mi wéré, nítorí náà mo yọ ìyẹn kúrò. Mo ra Harbour Street (ó bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin Metro, wọ́n gún ìyá àgbà kan pa nínú èrò, ọmọ Joe ló rí i) àti The Darkest Evening, torí ẹnì kan nílé iṣẹ́ mi ní Vera rí mọ́tò nínú yìnyín tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kékeré nínú ẹ̀, mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ka ibi ọmọ yẹn wọn ò ní gbé e sílẹ̀. Lẹ́tà ńlá ni méjèèjì. Ẹnì kan ń lọ sílé lóṣù yìí, á bá mi gbé e.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ní kí n bèèrè. Wọ́n ní kí ló dé tí Vera tó ń tú gbogbo àṣírí kò gba ìgbéga, ọdún mélòó ló fẹ́ lò ní DI?

Ògbufọ̀
Ẹ sọ fún màmá pé ìgbéga ní England kì í wá bíi ẹ̀bùn fún ẹni tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Fúnra ẹni lèèyàn ń béèrè fún un, ẹ ó kọ̀wé, ẹ ó jókòó níwájú ìgbìmọ̀. Tí Vera bá di DCI, ìpàdé àti owó ọ́fíìsì ló máa máa bójú tó, á máa jókòó pẹ̀lú àwọn tó kórìíra sàǹdáàsì ẹ̀. Kò béèrè ni.

Kọ́lá_Òṣogbo
Kí ẹ bá mi bi màmá bí wọ́n ṣe tètè mọ ẹni tó ṣe ti The Moth Catcher, èmi wò ó dé ìparí n ò mọ̀ ọ́n.